Bí Olùdámọ̀ràn Bàdírù Ṣe Yan Ìbọn ní Jẹ́dà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ènìyàn ńlá, ẹ fà mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ wọn ti sú, ẹ fà mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí tiyín gan-an ni mo bá wá.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àlàájì Bàdírù Àjàgbé. Ó wá láti ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ wa tí n kò ní dárúkọ, kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù má baà bínú pé mo yọ wọ́n sílẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà ló fi í ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ìrìn-àjò Mímọ́ àti Gbogbo Ọ̀rọ̀ Tó Fara Pẹ́ Ẹ. Kò sí ẹni tó mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ ẹ. Bàdírù ní tirẹ̀ gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tí kò fara pẹ́ ẹ.

Ó ga, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Bí ó bá sín, Dawud akọ̀wé rẹ̀ a ní, "Ìlera fún ìpínlẹ̀ wa." Bí ó bá yán, Dawud a ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà, ẹ ti ṣe jù." Ẹ má bá Dawud wí. Àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ jẹun, télọ̀ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ahọ́n ni Dawud fi ń jẹ tirẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ń sún mọ́lé, gómìnà ṣèlérí pé òun yóò rán àwọn arúgbó ìpínlẹ̀ náà lọ ṣe Úmúrà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí Bàdírù ṣáájú wọn lọ sí Sáúdì, kí ó gba ilé tí wọn yóò dé sí ní Mẹ́kà. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè di ṣòkòtò ara rẹ̀ lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó gbéra ni ojú rẹ̀ rí ohun tí kò jẹ́ kó sùn mọ́. Wọ́n ń ṣí ọ̀nà tuntun kan ní ìgbèríko, ni Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Agbádá rẹ̀ ká sókè, gbogbo ènìyàn sì rí ìbọn ìléwọ́ kan ní ìbàdí rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Àwọn ọba tó jókòó síbẹ̀ pàápàá tún ìjókòó wọn ṣe. Bàdírù wo ìbàdí tirẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju okùn ṣòkòtò lọ.

"Dawud," ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀ nínú mọ́tò, "èwo ló ga jù nínú ààbò àti ìrìn-àjò mímọ́?"

"Ìrìn-àjò mímọ́ ni, sà. Ta ni kò mọ̀?"

"Kí ló wá dé tí ìbàdí mi fi ṣófo?"

Báyìí ló ṣe gbọ́ nípa alágbẹ̀dẹ kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń rọ ìbọn ìléwọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó máa ń wọn ọwọ́ oníbàárà bí télọ̀ ṣe ń wọn èjìká. Ìbọn tí ń ki ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ ni, ènìyàn kàn ń fà á lásán ni. Ìwé àṣẹ ìjọba ńkọ́? Bàdírù ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́: ìwé àṣẹ náà kò tíì jáde nílé.

Ní Jẹ́dà, ó gba yàrá ńlá nínú òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí òkun, ó sì pe ìpàdé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ ìpàdé náà ni Ìgbìmọ̀ Ilé Gbígbà. Bàdírù ni alága, Dawud ni akọ̀wé. Ẹnì kẹta ni Àlàájà Ridwanat, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gómìnà fi kún wọn kí ó lè tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹnì kẹrin ni alágbẹ̀dẹ ìbọn, òyìnbó onírùngbọ̀n funfun kan, tó ń wò wọ́n láti inú kọ̀ǹpútà.

"Kí ni ẹ fẹ́ fi ìbọn náà ṣe?" alágbẹ̀dẹ bi í. "Àwọn kan ń fi díje, àwọn kan ń fi dáàbò bo ara wọn."

Bàdírù rò ó díẹ̀. "Mo fẹ́ ní i ni," ó ní.

"Ọta ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ ọta kékeré, yóò gba púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ńlá, díẹ̀ ni yóò gbà."

Ni Bàdírù bá dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tí Òkun Pupa fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "èmi kì í ṣe ènìyàn kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe ènìyàn díẹ̀. Ọta ńlá ni kí ẹ fi sí i, kí ó sì pọ̀."

Dawud pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. "Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ yìí, sà."

Àlàájà Ridwanat tú ìwérí rẹ̀, ó tún un wé. "Àlàájì," ó ní, "ilé àwọn arúgbó ńkọ́?"

"Àlàájà, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ ọta ná. Ohun tó ṣe kókó la fi ń ṣáájú."

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, alágbẹ̀dẹ ní òun fẹ́ mọ bí ọwọ́ ọ̀gá ṣe tóbi tó kí òun lè gbẹ́ èèkù ìbọn náà, pé kí ó tẹ ọwọ́ mọ́ amọ̀. Níbo ni wọn yóò ti rí amọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì? Dawud sáré lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò fún búrẹ́dì wá nínú àwo fàdákà. Bàdírù tẹ ọwọ́ mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó pa ojú dé, ó ní kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n fi àwo náà sójú fèrèsé, wọ́n lọ jẹun. Kò sí ẹni tó rántí pé ìwúkàrà wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé, oòrùn Jẹ́dà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun ti wú jáde nínú àwo, àpẹẹrẹ ọwọ́ náà sì ti fẹ̀ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí.

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ rí i, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. "Sà," ó ní, "láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí irú ọwọ́ yìí rí."

"Àwọn baba mi náà nìyẹn," Bàdírù dáhùn, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀, tí kò tóbi ju tèmi tìrẹ lọ, pamọ́ sẹ́yìn.

Ẹ máa rántí pé ní gbogbo àkókò yìí, ilé wà. Ilé tó dára ni, ní àdúgbò Rusaifa ní Mẹ́kà. Ẹni tó ni ín ni Abdussamad, ọmọ Sáúdì tí bàbá rẹ̀ àgbà wá láti Ìlọrin, tó ṣì ń gbọ́ Yorùbá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi Lárúbáwá là á. Ojoojúmọ́ ló ń pe Bàdírù. "Yá Hájì, ilé yín ń dúró dè yín. Ìgbà wo lẹ máa wá fọwọ́ sí i?"

"Bùkúrà," Bàdírù a dáhùn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Ọ̀la ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀la bá sì dé, a tún ní bùkúrà.

Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù ni ti oyè. Bàdírù fẹ́ kí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ òun sára ìbọn náà. Àlàájì Bàdírù Àjàgbé, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ìrìn-àjò Mímọ́ àti Gbogbo Ọ̀rọ̀ Tó Fara Pẹ́ Ẹ, Baba Àdínì, Aṣíwájú Àwọn Ọ̀dọ́, Ìràwọ̀ Ìgbèríko. Alágbẹ̀dẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Sà, ìbọn yìí tán síbi Ìrìn. Kò dé Àjò."

"Èmi ni Olùdámọ̀ràn lórí Ìrìn?"

"Ẹ jẹ́ ká gé àwọn oyè yòókù kúrò."

Dawud bú sẹ́kún. N kò mọ̀ bóyá ẹkún náà ti ọkàn wá, ṣùgbọ́n omi wà níbẹ̀.

"A kì í gé oyè," Bàdírù ní. "Ẹ fa ìbọn náà gùn."

"Bí mo bá fà á débi tí ẹ ń wí yẹn, sà, kò ní í ṣe ìbọn ìléwọ́ mọ́. Ẹ máa gbé e léjìká ni. Ènìyàn kan á sì máa bá yín gbé ìdí rẹ̀."

"Dawud á gbé e," Bàdírù dáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ bùkúrà, Abdussamad ránṣẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, àwọn kan ti ń bèèrè ilé náà lọ́wọ́ òun. Àlàájà Ridwanat ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti Bàdírù sínú mọ́tò lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí wọ́n dé Rusaifa, Bàdírù wọ lífítì lóun nìkan. Dígí wà nínú lífítì náà láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń ronú ìbọn tó rí dígí, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi ìka méjì ṣe ẹnu ìbọn, ó já a jáde níbàdí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún já a, ó fi ẹnu ṣe "pàì". Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn lífítì ti ṣí, tí ó sì na ìka rẹ̀ sáàárín ojú Abdussamad.

Obìnrin kan dúró lẹ́yìn Abdussamad. Kìfáyàtù ni orúkọ rẹ̀. Ìrìn-àjò Úmúrà ni òun náà bá wá ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí kò padà sílé. Àdúgbò Nakkasa, lórí òkè kan ní Mẹ́kà, ló ń gbé, ó ń dáná tà, kò sì ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Bí ó bá kúrò ní Sáúdì, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí ìyá rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó kúnlẹ̀. "Àlàájì, ìyá mi wà lára àwọn tó ń bọ̀. Àlàájà Mastura ni wọ́n ń jẹ́. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ mọ ilé tí wọ́n máa dé sí, kí n lè wà lẹ́nu ọ̀nà."

Bàdírù tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ọmọbìnrin," ó ní, "ìjọba wa jẹ́ ìjọba tí ń gbé ìyá pọ̀n. Ìyá rẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Inú ilé yìí gan-an ni yóò sùn, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, a ó sì máa jí i pẹ̀lú wàrà."

Kìfáyàtù sunkún ayọ̀. Abdussamad gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀, ó ṣí gègé, ó fi lé Bàdírù lọ́wọ́. Ẹnu gègé kan ìwé. Ni fóònù bá dún. Alágbẹ̀dẹ ni.

"Sà, mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí fífà rẹ̀ le tó. Ẹ ti yìnbọn rí, àbí?"

"Àwọn tó wà lábẹ́ mi ló máa ń yìn."

"Ẹ gbọ́dọ̀ lọ yìn ín níbì kan kẹ́ ẹ tó lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi."

Bàdírù sọ gègé sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n yí mọ́tò padà sí Jẹ́dà.

"Yá Hájì," Abdussamad ní, "ìlà kan ló kù kí ẹ fà."

"Bùkúrà."

Abdussamad wò ó títí lífítì fi gbé e lọ. Ó ká ìwé náà. "Khaláàsì," ó ní, ìyẹn ni pé ó parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ilé fún àwọn mìíràn, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Pápá ìdárayá ìbọn kan wà lẹ́yìn ìlú Jẹ́dà, níbi tí àlejò ti lè yìnbọn bí olùkọ́ bá dúró tì í. Ọjọ́ tí àwọn arúgbó máa balẹ̀ gan-an ni Bàdírù yàn láti lọ síbẹ̀. Àlàájà Ridwanat nìkan ló lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí Dawud ní láti di fóònù mú kí àwọn ará ilé lè máa wo ọ̀gá lórí ẹ̀rọ ayélujára bí ó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Gómìnà náà ń wò ó, òun àti gbogbo àwọn kọmíṣánnà.

Ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ ni Wejdan, ọ̀dọ́mọbìnrin Sáúdì kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó gbé ìbọn ìléwọ́ kan kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ tábìlì. Bàdírù kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

"Ẹ̀yin ará ilé," ó wí sínú fóònù, "àwọn baba wa fi ìbọn ṣọdẹ ẹran. Èmi Bàdírù, mo fẹ́ fi í ṣọdẹ ìlọsíwájú."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," Wejdan ní, "ẹ gbé àtàǹpàkò yín kúrò lẹ́yìn ìbọn. Irin yẹn máa ń fò sẹ́yìn."

"Àtàǹpàkò yìí, ọmọ mi, ni ìpínlẹ̀ wa gbára lé."

"Ẹ gbé e kúrò, sà."

"Yóò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Ó fà á. Ìbọn dún gbò-ó. Irin fò sẹ́yìn, kò bèèrè oyè ẹnikẹ́ni, ó bu ẹran jẹ lára àtàǹpàkò náà. Bàdírù ju ìbọn sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbà á, òun fúnra rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí àpò ìrẹsì.

"Wọ́n ti yìn mí," ó ní.

"Ta ló yìn yín, sà?" Dawud bèèrè, ó ṣì di fóònù mú dáadáa.

"Ìbọn ni. Dawud, mo ń lọ. Sún mọ́ mi, kí n má gbé ẹ̀ṣẹ̀ lọ bá Ẹlẹ́dàá mi. Sọ fún gómìnà kó dárí jì mí. N kò gba ilé kankan. Àwọn arúgbó ti dé, n kò sì gba ilé. Ìbọn ni mo ń yàn láti ọjọ́ yìí."

Wejdan kúnlẹ̀ tì í, ó fi omi nu àtàǹpàkò náà, ó fi pílásítà lé e. "Ó tán, sà," ó ní. "Ẹ lè dìde."

Bàdírù la ojú kan. Ó wo pílásítà. Ó la ojú kejì, ó sì rí fóònù Dawud. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ikú bá ṣeé bẹ̀ ní wákàtí yẹn, ì bá bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Fóònù dún. Gómìnà ni.

"Bàdírù, ṣé o ti kú?"

"Rárá o, Ọlọ́lá jùlọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. N kì í lé òkú lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, o kì í ṣe olùdámọ̀ràn mi lórí ohunkóhun, títí kan ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ ẹ. Kí Àlàájà Ridwanat máa bójú tó àwọn ènìyàn mi."

"Ọlọ́lá jùlọ—"

"Ọ̀gbẹ́ni Bàdírù," Dawud ní, ó ti nà ró bí ọ̀pá, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá Ọlọ́lá jùlọ lẹ́nu." Lẹ́yìn náà ló rọ ohùn rẹ̀ sínú fóònù. "Ìpinnu yìí, sà, ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ti gba kọ́kọ́rọ́, awakọ̀ ti gbé mọ́tò lọ, Dawud sì ti ń wá orúkọ bàbá Àlàájà Ridwanat kí ó lè mọ oríkì tó máa kì í. Ní ti ìbọn náà, ìwé àṣẹ kò jáde, alágbẹ̀dẹ sì pa iṣẹ́ tì.

Àwọn arúgbó ńkọ́? Bọ́ọ̀sì gbé wọn dé Rusaifa, wọ́n sì rí àwọn àjèjì tí ń sá aṣọ lójú gbogbo fèrèsé. Wọ́n jókòó sórí ẹrù wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Kìfáyàtù ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó rí obìnrin arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri, ó sì mọ̀ ọ́n kó tó rí ojú rẹ̀.

"Màámi," ó ní.

Àlàájà Mastura dúró. Ó fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó wá imú, ó wá ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "O ti rù," ó ní.

Kìfáyàtù ló sọ pé kí gbogbo wọn máa bọ̀ ní Nakkasa. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé, èrò púpọ̀ sì máa ń pe ojú àwọn jáwásáàtì, ìyẹn ọlọ́pàá ìwé ìgbélùú.

"Bí jáwásáàtì bá dé, a ó sá," Kìfáyàtù dá wọn lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí àwọn arúgbó yìí bá sùn síta, ibo la fẹ́ sá gbà?"

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ń sùn tẹ́lẹ̀ gba mẹ́wàá. Abdussamad náà, tí ojú tì, gbé kábúsà, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́ran, ránṣẹ́, ó sì ṣèlérí pé òun máa wá ilé mìíràn fún wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó mú ìlérí náà ṣẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan gun òkè Nakkasa bọ̀ pẹ̀lú àpótí kan lórí, àtàǹpàkò rẹ̀ wú. Kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Mẹ́kà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe "pàì, pàì" tẹ̀ lé e, torí fídíò náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Àlàájà Ridwanat wò ó láti òkè délẹ̀. Kò bú u. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan fún un.

"Ìsàlẹ̀ òkè ni omi wà," ó ní. "Àwọn àgbà fẹ́ ṣe àlùwàlá."

Bàdírù sọ̀ kalẹ̀, ó pọn omi, ó gùn padà. Ó tún sọ̀, ó tún gùn. Àwọn àtẹ̀gùn Nakkasa ga, wọ́n sì fún. Nígbà tí ó yá, ikùn tó máa ń ṣíwájú rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan kalẹ̀ lẹ́bàá Àlàájà Mastura, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta nìyẹn?" obìnrin náà bèèrè.

Kìfáyàtù wo Bàdírù. Bàdírù wo ilẹ̀.

"Ẹni tó ń pọnmi fún wa ni, Màámi."

"Sún mọ́ mi, ọmọ mi." Ó nawọ́, ó sì rí orí rẹ̀ tó ti rin gbindin fún òógùn. "Olùdámọ̀ràn kan wà tó fi wá sílẹ̀ síta. N kò mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ kó kú. Ọlọ́run á sọ òun náà di ẹni tí ń ru omi gun òkè."

"Àmín, Ìyá," Bàdírù dáhùn.

"Ìwọ tí o ru omi fún ẹni tí o kò mọ̀ rí, irú yín ló yẹ kí ìjọba máa mú. Ọlọ́run á fi ìwọ ṣe olùdámọ̀ràn."

Àlàájà Ridwanat gbé orí sókè níbi tó ti ń wẹ àwo. Bàdírù gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo nílẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n lọ pọn sí i ná. Omi yìí kò tíì tó."